Ṣé kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ nílé ìwé ìjọba fún SS1?

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3 nílé ìwé ìjọba kan n'Íbàdàn, sáyẹ́ǹsì ló sì fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ ní ká gbé e lọ sí ilé ìwé àdáni. Ọmọ fúnra rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Ilé ìwé náà ò burú tán. Olùkọ́ ìṣirò wọn mọṣẹ́ gan-an. Ọmọ mi á wálé, á tún máa fi kọ́ àbúrò rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ ìpàdé PTA, mo yọjú sí láàbù wọn: eruku bo gbogbo ìgò, ẹ̀rọ omi ò yọ omi, àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n kó jọ sígun kan. Wọ́n ní olùkọ́ físíìsì ti fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì rí arọ́pò. Bẹ́ẹ̀, WAEC ń ṣe práktíkà físíìsì, kẹ́mísírì àti báólọ́jì, èyí tí èèyàn ò lè há sórí.

Àdáni tó wà ládùúgbò wa náà ò dá mi lójú. Owó ibẹ̀ wọ́n (ẹ jẹ́ ká má sọ ti yúnífọ́ọ̀mù), àwọn olùkọ́ kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ṣe sáyẹ́ǹsì nílé ìwé ìjọba láìpẹ́, ṣé lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ tó o? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ bá mi dá sí i: ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan láàbù? Ṣé PTA tiyín ti gba olùkọ́ rí, báwo lẹ sì ṣe ń san owó rẹ̀?