Wíwo ẹyẹ láàárín iṣẹ́: ìṣẹ́jú mélòó ló tó, kí ni kójú sì máa wò?

Ojú Fèrèsé:
Ẹ ǹlẹ́ o. Iwájú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi látàárọ̀ dalẹ́. Igi kan àti òrùlé wà níwájú fèrèsé. Mo fẹ́ máa fi wíwo ẹyẹ sinmi ọpọlọ, àmọ́ bí mo bá gbójú sókè, iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń rò. Bí mo bá tún padà, ó máa ń pẹ́ kí n tó rántí ibi tí mo dé. Ṣé dandan ni kí n ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn? Ṣé kí n gbé omi síta fún wọn?

Abẹ́ Igi:
Ìṣẹ́jú 5 tó, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Kẹ́ ẹ tó gbójú kúrò, ẹ kọ ohun tó kàn láti ṣe sórí ìwé ní gbólóhùn kan. Iṣẹ́ tí ò tíì parí ni ọkàn ń rọ̀ mọ́. Tó bá ti wà lórí ìwé, á fi í sílẹ̀, ẹ̀yin náà á sì mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ o.

Ẹ wá mú ẹyẹ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí ojú nìkan lè dáhùn. Orúkọ ẹyẹ kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wá, torí ìyẹn á tún sọ ọ́ di iṣẹ́. Ẹ wo ẹyẹlé tó ń rìn lórí òrùlé. Ó jọ pé ó ń mi orí síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kọ́: orí á ta síwájú, á dúró pa síbẹ̀ títí ara á fi bá a, á tún ta síwájú. Ìdúró yẹn ló ń jẹ́ kó ríran kedere. Tàbí kẹ́ ẹ wo èyí tó ń tún ìyẹ́ ṣe: á fẹnu kan ìdí ìrù níbi tí òróró rẹ̀ wà, á di ìyẹ́ kan mú nídìí, á fà á gba ẹnu kọjá títí dé ṣóńṣó, ibi tó ti ya á sì pa dé bíi síìpù.

Wò Jìnnà:
Awò ò pọn dandan. Tí igi bá jìn, 8x32 tó: 8 ni ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan súnmọ́ni, 32 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ má ra ti 10, gbígbọ̀n ọwọ́ máa ń hàn nínú rẹ̀ jù.

Ojú náà ń sinmi. Iṣan inú ẹyinjú máa ń le tá a bá ń wo ohun tó wà nítòsí, ó sì máa ń dẹ̀ tá a bá wo ohun tó jìn tó mítà 6.

Etí Omi:
Àwo fẹ̀ǹfẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kómi má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kẹ́ ẹ fi òkúta kan sáàárín. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì, kí tanwíjí má bàa gbilẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí kò tó mítà 1 sí fèrèsé, tàbí kó jìnnà ju mítà 10 lọ. Láàárín méjèèjì, ẹyẹ tó bá ta fò á ti sáré tó láti forí sọ gíláàsì kó sì kú. Ẹ tún lẹ àmì tó-tò-tó sí ẹ̀yìn gíláàsì níta, kí àlàfo wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Inú ilé kọ́ o, torí òjìji igi tó hàn lójú gíláàsì níta ló ń tàn wọ́n.

Bómi bá ti wà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mu ún. Ẹyẹlé àti àdàbà á ki ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fà á. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù á bù ú sẹ́nu, wọ́n á gbórí sókè kó tó lè lọ sọ́fun.

Ojú Fèrèsé:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tó bá wá di ọ̀sán tí ò sí ẹyẹ kankan ńkọ́?

Abẹ́ Igi:
Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde jù. Lọ́sàn-án, ẹ wo ojú ọ̀run bóyá alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń kọjá, tàbí kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ dijú fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ ka oríṣi ohùn tẹ́ ẹ gbọ́. Nínú ìwádìí tí King's College London gbé jáde ní 2022, àtẹni tó rí ẹyẹ àtẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ ni ara wọn yá gágá sí i, ó sì lè tó wákàtí 8 kó tó lọ.