Ẹ̀yin ará Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ta ló ní ọmọ ní CEG (ilé-ìwé girama) ìjọba? Ẹ sọ ohun tójú yín rí

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi yege CEP, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sixième (ọdún kìíní girama) ló ń lọ lóṣù kẹsàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fi í sí CEG ìjọba, pé èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọn kì í sì í yege BEPC, ìdánwò ọdún kẹrin. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ẹlẹ́gùúsí: Tèmi wà níbẹ̀. Bẹ́ńṣì ẹlẹ́ni méjì, ẹni mẹ́rin ló ń fún ara wọn síbẹ̀. Lọ́dún tó wà ní quatrième (ọdún kẹta), a ò rí olùkọ́ ìṣirò títí Kérésì fi kọjá. Ìgbà tó wá dé, ilé-ìwé mẹ́ta ló ń sá káàkiri, orí zémíjàn (ọ̀kadà) ló ti ń jẹun. Ọmọ mi mú mẹ́rin nínú ogún wálé, ó ní ipò kẹta lòun ṣe! Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

Ọmọ Àkàbà: Yéè! Èló wá lẹni àkọ́kọ́ gbà?

Ìyá Ẹlẹ́gùúsí: Mẹ́fà.

Olùkọ́ Ìgboro: Ẹ rọra bú wa o. Aspirant ni mí, olùkọ́ tí ìjọba gbà ní àdéhùn. Láti 2019 tí wọ́n ti gbé ètò yìí kalẹ̀, wákàtí tá a fi kọ́ni là ń kà. Bí ti ilé-ìwé kan ò bá tó, wọ́n á fi òmíràn kún un. Ọmọ tí ò lè ka ìlà méjì Faransé já ni wọ́n ń kó bá wa láti CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ní ká kọ́ ọ ní ìṣirò Pythagore. Ẹ tún wá wo kíláàsì lọ́jọ́ ọjà: èmi àti bẹ́ńṣì là ń wojú ara wa.

Alátà: Ta ni kó wá bá mi ru ẹrù lọ́jọ́ ọjà? Ìwọ?

Ìyá Ẹlẹ́gùúsí: Alátà, ẹ ò jẹ́ kí ọmọ obìnrin yẹn kàwé. Ìjọba ti ní kí àwọn ọmọbìnrin má san owó ilé-ìwé ìjọba láti sixième dé troisième (ọdún kẹrin), kí lẹ tún ń fẹ́?

Bàbá Ọkùnrin Mẹ́ta: Ọkùnrin ni gbogbo tèmi. Mo ń san án ní pípé.

Alátà: Khaki ńkọ́? Ìwé ńkọ́? Ṣé ìjọba ló ń rà á?

Ará Ìlárá: Ẹ kó wọn sọdá sí Nàìjíríà jàre. Ìmẹ̀kọ ni ọmọ àbúrò mi wà.

Ọmọ Àkàbà: Kó wá fi WAEC wáṣẹ́ ní Kútọnú, àbí?

Ará Ìlárá: Ìwọ tó o gbọ́ Faransé, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?

Ọmọ Àkàbà: Zémíjàn. Èmi ni mò ń gbé àwọn olùkọ́ yín kiri.

Ìyá Àdùkẹ́: Bàbá Ìbejì, èmi yọ tèmi, mo gbé e lọ sí ilé-ìwé aládàáni. Mo tọrọ owó, mo yá kún un. Ọjọ́ kìíní tí mo débẹ̀, ta ni mo bá lẹ́nu pátákó? Olùkọ́ físíìsì CEG! Ẹni tó ń pa wákàtí jẹ níbẹ̀ o, aago ò tíì lù tó ti dé síhìn-ín.

Olùkọ́ Ìgboro: Kì í ṣe èmi o.

Bàbá Ọkùnrin Mẹ́ta: Ta ló fẹ̀sùn kàn ọ́?

Ìyá Àdùkẹ́: Àmọ́ n ò ní purọ́, èrò ò pọ̀ ní aládàáni yìí, olùkọ́ náà ń rí ìwé ọmọ mi wò.

Alátà: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ aránṣọ tí khaki rẹ̀ kì í já nídìí kí ọdún tó parí?