Ẹ wá sọ tiyín: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì oní-lẹ́tà márùn-ún

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Yálà Scrabble, eré títo lẹ́tà di ọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, lẹ ń ta, yálà Wordle, eré orí fóònù tó ní kí ẹ dá ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà márùn-ún mọ̀, lẹ máa ń ṣe láràárọ̀ kí ẹ tó fọ ẹnu, yálà iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ló ní kí ẹ wá ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà márùn-ún tí lẹ́tà báyìí-báyìí wà nínú rẹ̀, ẹ sọ ohun tójú yín rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtumọ̀ tì í. Ẹ má kàn tẹ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni sá láfún.

Alhaja Aláṣọ, Òkè-Àjẹ́
Èmi kì í ta Scrabble. Mo kàn máa ń gbé ẹran Iléyá fún àwọn tó ń ta á ni. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi wálé wá wo Ojúde Ọba, ilé kún. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ọdún, ọkọ ọmọ mi obìnrin, ẹni tó kàwé dójú àmì, jókòó ti Q, ó ń làágùn. Q kan ṣoṣo ló wà nínú àpò Scrabble, máàkì mẹ́wàá ni. U ló sábà máa ń tẹ̀lé Q nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n U mẹ́rin ló wà, gbogbo wọn sì ti tán lórí bọ́ọ̀dù. Ó ní òun máa dá Q padà sínú àpò. Mo yọjú wo ọwọ́ rẹ̀, mo rí N, I, A, B. Mo ní, "Àna mi, ṣé ẹ ò rí ìbòjú ẹlẹ́hàá ni?" NIQAB.

Ni wọ́n bá pariwo pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò ó nínú fóònù, ó wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó. FAQIR, òtòṣì tó gbé ayé tì nítorí Ọlọ́run. QIBLA, ibi tí à ń kọjú sí bí a bá ń kírun. QADI, àlùkáálì, lẹ́tà mẹ́rin nìyẹn. Kò sí èyí tó ń wá U nínú wọn. Ilé-kéwú ni mo ti gbọ́ wọn, kì í ṣe yunifásítì. QANAT nìkan làwọn ọmọ wá kọ́ mi: ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará Iran fi ń fa omi láti ẹ̀bá òkè wá sí oko.

Ibi tí nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́ ni TALAQ. Nígbà tí wọ́n tún un ta, ọmọ mi obìnrin tò ó sílẹ̀, ó sì fi ariwo pè é. Alhaji tó ń tòògbé lórí àga ta jí: "Ta ló ń kọ aya sílẹ̀ lọ́jọ́ ọdún?"

Tíṣà fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́
Alhaja, ẹ ṣeun. Ohun tí mo máa ń bá àwọn ọmọ ìsinsìnyí jà lé lórí nìyẹn. Wọ́n á kọ QI, wọ́n á kọ XU, wọ́n á gba máàkì. Bi wọ́n léèrè pé kí ni, wọ́n á máa wò ọ́ bọ̀ọ̀. QI ni agbára ẹ̀mí tí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ó ń ṣàn nínú ara. XU, owó kékeré ilẹ̀ Vietnam ni, bíi kọ́bọ̀ tiwa. Ọ̀rọ̀ tí o kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, báwo ló ṣe jẹ́ tìẹ?

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà. Scrabble kì í ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò ni. Ní 2015, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti èdè Faransé láìgbọ́ Faransé. Ó kó ọ̀rọ̀ inú díkíṣọ́nárì wọn sórí ni. Ọdún yẹn kan náà ni Wellington Jighere tiwa lọ sí ìdíje àgbáyé ti Gẹ̀ẹ́sì ní Perth ní Ọsirélíà, ó na Lewis MacKay, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 4–0 ní àṣekágbá, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife náà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń rántí níbẹ̀ ni FELTY, máàkì 36: ohun tó rí bí aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra.

Ẹ kà á, lẹ́tà márùn-ún ni. Ẹni tó bá lo lẹ́tà méjèèje tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń gba ẹ̀bùn máàkì 50, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígùn a máa ṣí ọ̀nà fún ẹni kejì, lẹ́tà tuntun tí o sì máa fà látinú àpò lè jẹ́ kìkì I àti U. Bí o bá kọ márùn-ún, o fi méjì tó dára pamọ́, bóyá S kan àti èyí tí kò ní lẹ́tà lára, o sì ti dínà mọ́ ọ̀tá. Mo ti fi báyìí na àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ fíìfíì.

Tíṣà fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́
Nigel yẹn, bó bá dé Paris, ṣé ó lè fi ra búrẹ́dì?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù
Ẹ̀yin ń ṣeré. Èmi, wọ́n ní kí àwọn ọmọ mi wá ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà márùn-ún tí kò ní a, e, i, o, u. Bàbá wọn ní tíṣà náà ò mọ ohun tó ń sọ. Táíwò bú sẹ́kún. Mo wà ní kíṣìnnì, mò ń kọ orin kwáyà tí a fẹ́ fi ṣe Kérésì lábẹ́ ẹnu, mo dé ibi wúrà, tùràrí àti òjíá. Òjíá! MYRRH. Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn pé Y ló ń bá wọn ṣe iṣẹ́ fáwẹ̀lì. A tún rí NYMPH, iwin obìnrin tó ń gbé inú odò àti igbó nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, àti CRYPT, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sin òkú sí. Kí lọmọ ọdún mẹ́jọ fẹ́ fi CRYPT ṣe, ẹ gbà mí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Èkó
NAIRA wà nínú ìwé Scrabble. KOBO wà, OBA wà. Ìgbà tí mo rí GARI, orí mi wú, àfi ìgbà tí mo ka ìtumọ̀ rẹ̀: atalẹ̀ tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, tí àwọn ará Japan fi ń jẹ ẹja tútù. Atalẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ kí n da omi tútù sí ìyẹn, kí n fi ẹ̀pà lé e lórí, kó jáde síta. Síbẹ̀, máàkì márùn-ún péré ni, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè
Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wá kọ́ Q lọ́dọ̀ yín.

Alhaja Aláṣọ, Òkè-Àjẹ́
Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Ṣùgbọ́n Alhaji ti ní ẹni tó bá tún kọ TALAQ nínú ilé òun, bọ́ọ̀dù yẹn ni òun máa fi dáná ìrẹsì.