"Àìníwà" kẹ̀? Ẹ rántí hù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú làálàá èdè.

"Àìníwà", ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n dá lánàá fún èrò àwọn onísàíkọ́lọ́jì kan (situationism), pé ipò tí ènìyàn bá ara rẹ̀ ló ń darí rẹ̀ ju ìwà tó ti mọ́ ọn lára lọ, kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ta là ń pè ní aláìníwà? Aláfojúdi, ẹni tí ilé kọ́ tí kò gbà. Ẹ fi àì- kan ṣoṣo bú gbogbo ọmọ aráyé!

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ Darley àti Batson (1973) tí ẹ fi gbè é lẹ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn 40 ní Princeton ni wọ́n rán lọ sọ̀rọ̀ ní ilé kejì. Ìtàn aláàánú ará Samáríà gan-an ni àwọn kan ń lọ sọ. Ọkùnrin kan wó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wúkọ́, ó ń kérora. Nínú àwọn tí ojú ò kán, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ràn án lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́ ńkọ́? Ìdá 10 péré. Àwọn tó kọjá níwà o. Ìwà ọ̀hún ni kò ráyè hù.

Hù! Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Koríko ń hù, irun ń hù, ìwà náà ń hù. Ọmọlúàbí lè ṣìwà hù láìdi aláìníwà. John Doris, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó jà fún èrò yìí, pàápàá kò sọ pé ènìyàn ò níwà. Ohun tó ń sọ ni pé ìwà kan kì í tẹ̀ lé ni dé ibi gbogbo. "Ìhùwàsípò" ni tèmi: ìhùwàsí, kí ipò wá gùn ún lẹ́yìn.

Mo gbà pé èrò yìí ta ko òwe "ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀" tí a fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wò mí dàgbà, bí a bá yin ẹnìkan lójú rẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ kí ojú kán an ná." Kò ka ìwé kankan.

Ní ti ọ̀gá tó mú ìwádìí Milgram (1963) wá, òótọ́ ni pé 26 nínú 40 tẹ bọ́tìnnì iná dé òpin, tí wọ́n rò pé iná náà ń gbé ẹlòmíràn, nítorí wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ "ìgbọràn" tí ẹ kọ síbẹ̀ ńkọ́? Gbọ́ ni, ọ̀gá. Níbo ni ohùn òkè gbà lọ? Ẹ má tún sọ fún mi pé ẹ ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni.