Ẹ gbà mí o: nǹkan kan ń dún "tá! tá!" nínú tánkì iyùn mi lóru

Bàbá Tọ́lá, Alágbàká, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹlẹ́ja ẹlẹgbẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹja odò ni ọ̀pọ̀ yín ń sìn, tèmi tomi iyọ̀ ni, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Tánkì gíláàsì 200 lítà ni, èmi fúnra mi ni mo ń po iyọ̀ rẹ̀. Ẹja onílà funfun méjì ló wà níbẹ̀ àti iyùn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, iyùn, ìbátan èyí tí àwọn ọba ń so mọ́rùn, àmọ́ tèmi ṣì ń jẹun.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ra òkúta òkun kìlò márùn-ún láti Èkó. Inú kúlà ni dẹ́rẹ́bà gbé e sí, ìwé ìròyìn tútù ni wọ́n fi wé e. Mo ṣan án lẹ́ẹ̀kan, mo sọ ọ́ sínú tánkì. Àtìgbà náà ni wàhálà ti dé.

Nǹkan bí òdòdó hù lára òkúta, àwọ̀ rẹ̀ bíi tíì tí a da mílíìkì sí, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu rẹ̀ ká. Ẹ fọwọ́ kàn án báyìí, fìrì, ó ti wọ ihò lọ. Méjì péré ni wọ́n. Mo fi bíléèdì gé wọn dànù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo ka mọ́kànlá!

Ekòló kan tún wà, pupa rúsúrúsú, irun funfun tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo fà á, ìka mi sì jó mi bí ẹni tó fọwọ́ kan wèrèpè.

Ìkẹta ló ń lé oorun lójú wa. Tí a bá ti pa iná, tá! Bí ẹni ju òkò lu gíláàsì. Ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Oǹdó ní òun ò sùn ní pálọ̀ mọ́, pé ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn láti inú omi, kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń ṣílẹ̀kùn fún. Ìṣáwùrù mẹ́rin ti kú, fífọ́ ni mo bá ìkarahun wọn. Ṣé kí n da gbogbo rẹ̀ nù ni?

Ọmọ Ọjà Ọba:
Bọ̀dá, ìdérí Hypo kan péré. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn á ti sùn.

Ìyá Ìbejì:
Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ẹja àti iyùn ò ní bá wọn sùn ni? Bọ̀dá, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn ẹja tó ní kọ́pà fún yín. Kọ́pà ń pa edé, ó ń pa ìṣáwùrù, ó ń pa iyùn.

Ẹlẹ́ja FUTA:
Ẹ kó òkúta náà jáde, kí ẹ sè é bí iṣu. Ó tán.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró:
Háà! Ẹ dákun, ẹ má ṣe é láéláé. Lára àwọn iyùn kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, àwọn zoanthid, a rí èyí tó ní májèlé palytoxin. Tí ẹ bá sè é, ooru rẹ̀ ló máa gbé e bá yín nínú ilé. Odindi ìdílé ló ti torí ẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn lókè òkun.

Bàbá Tọ́lá, Èkó ni mo ti fi ọdún mẹ́jọ sin iyùn kí n tó wálé, irú yín sì ni mí nígbà kan. Aiptasia ni òdòdó yẹn, ẹranko òkun ni, kì í ṣe ewéko, bíléèdì yẹn lẹ sì fi gbìn ín. Èérún tó bá já lára rẹ̀ á di odindi. Ó tún máa ń ta iyùn tó bá wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ra síríǹjì kékeré ní kẹ́mísì, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́, kí ẹ sẹ́ ẹ dáadáa. Ẹ pa pọ́ǹpù kí omi dákẹ́. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ gbúròó yín: ẹ rọra gbé abẹ́rẹ́ lọ sí ẹnu rẹ̀ bí ẹni fẹ́ jí ẹyin lábẹ́ adìẹ, kí ẹ tó fún un. Á kákò, á funfun. Ẹ má ṣe ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lójúmọ́ kí omi má baà bàjẹ́. Kí ẹ padà wò ó lọ́sẹ̀ kejì, tórí tí ìdí rẹ̀ bá kù nínú ihò, á tún rú.

Edé kan wà tí wọ́n ń pè ní peppermint, ó máa ń jẹ ẹ́. Èmi ra méjì: ọ̀kan jẹ ẹ́, èkejì ń fi oúnjẹ ẹja mi sanra. Ìgbín òkun Berghia ò tilẹ̀ jẹ nǹkan mìíràn, tó bá sì jẹ Aiptasia tán, ebi á pa á kú.

Ekòló yẹn ò mọwọ́mẹsẹ̀. Agbálẹ̀ ni, ìyókù oúnjẹ àti òkú ẹran ló ń jẹ. Ẹ lẹ sẹ́lòtéèpù mọ́ ìka yín, kí ẹ fà á, irun rẹ̀ á bá a jáde. Tí irú rẹ̀ bá ń pọ̀ sí i, ẹ dín oúnjẹ ẹja kù.

Ti ariwo, ẹ̀dá méjì ló lè jẹ́. Edé kan ń fi èékánná ńlá rẹ̀ ta bí ìbọn, òun kì í sábà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èkejì ni mantis shrimp, tó ń fi ọwọ́ bí òòlù fọ́ ìkarahun. Ìṣáwùrù fífọ́ yẹn ni mo fi ń fura sí èyí. Ẹ má ki ìka bọ ihò o, ó lè la àtàǹpàkò. Àwọn tó tóbi nínú wọn ti fọ́ gíláàsì rí.

Ará Ìlàjẹ:
Ẹ ṣáà jẹ́ kó hàn pé kì í ṣe Ayétòrò lòkúta yìí ti wá. Òkun tiwa, ẹrẹ̀ ni. Ibo la ti fẹ́ rí iyùn?

Bàbá Tọ́lá:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Báwo ni mo ṣe máa mú un?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró:
Ẹ fetí lé gíláàsì lóru títí ẹ ó fi mọ òkúta tó wà. Láàárọ̀, ẹ gbé òkúta náà sókè, kí bákẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ihò tó tó ìka, kí ẹ fi síríǹjì fún omi sódà tí kò ní ṣúgà sínú rẹ̀. Kò lè gbà á mọ́ra, á jáde.

Ìyá Ìbejì:
Nígbà mìíràn, kí òkúta kọ́kọ́ gbé inú bákẹ́ẹ̀tì omi iyọ̀ tó ní pọ́ǹpù àti híítà fún oṣù kan. Kí ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí i lóru. Àlejò tá ò mọ̀, ẹnu ọ̀nà la ti ń wò ó.

Bàbá Tọ́lá (ọjọ́ kẹrin):
Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Sódà ìgbà kejì ló lé e jáde. Àwọ̀ ewé ni, kò gùn ju ìka ìlábẹ̀ mi lọ, ojú rẹ̀ méjèèjì ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti ọ̀gà. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé edé lásán-làsàn ló lé mi kúrò ní pálọ̀?" Wọ́n ti ń béèrè bóyá ó ṣeé fi se ọbẹ̀. Òdòdó mọ́kànlá ti ku márùn-ún. Ekòló wà láyè rẹ̀, mo ti tọrọ àforíjì.

Ìṣòro kan ló kù: ojú ẹ̀dá yìí ò jẹ́ kí n lè pa á. Inú ike bọ́tà ló wà. Ta ló ní tánkì kékeré tí kò lò mọ́?

Ọmọ Ọjà Ọba:
Mo ní méjì nílé, bọ̀dá. Ṣé ti gíláàsì ni kí n gbé wá, àbí ti ike?

Bàbá Tọ́lá:
Ti ike, àbúrò. Ti ike o!