Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ọ̀pẹ onídìí ìgò

Mo béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá ọ̀pẹ Hyophorbe lagenicaulis, tí ìdí rẹ̀ wú bí ìgò, yẹ fún ọgbà kékeré nínú ilé. Ó yẹ. Kì í yára dàgbà, òtútù sì lè pa á, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń ràn sí i, tí omi kò sì dúró sí ìdí rẹ̀, kì í fúnni ní wàhálà. Erékùṣù Round Island, nítòsí Mauritius, ni orírun rẹ̀, níbi tí ewúrẹ́ àti ehoro tí àwọn ènìyàn kó dé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ run kí wọ́n tó mú ehoro kúrò ní 1986. Ìyẹn dùn mí púpọ̀. Nítorí náà, èso tí wọ́n ká lára ọ̀pẹ yìí tí wọ́n gbìn sínú ọgbà ni mo gbìn, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó láti inú igbó. Ẹ ṣeun tí ẹ dá mi lóhùn.