Adìrẹ ẹlẹ́kọ àti ẹ̀jẹ̀ SS: kí la fẹ́ ṣe sí omi tútù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aláró àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹlẹ́jẹ̀ SS. Báwo ni ẹlẹ́jẹ̀ SS ṣe lè ṣe adìrẹ láìjẹ́ kí òtútù aró dá a lágara? Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ wá lọ́kàn gan-an n'Ìbàdàn níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Kíkọ ẹ̀kọ (láfún sísè tí kì í jẹ́ kí aró wọ ibi tí a bá fi í kùn) sára aṣọ kò le. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, ìyẹn ẹlẹ́jẹ̀ SS, lè jókòó ti tábìlì, kó máa fi ìyẹ́ adìẹ fa òpó Gbọ̀ngàn Màpó inú bátànì adìrẹ tí à ń pè ní "Ìbàdàn dùn" díẹ̀díẹ̀, kó máa mu omi. Bí ara bá kọ̀, ẹ̀kọ tó ti gbẹ á dúró dè é.

Ìdí aró ni wàhálà wà. Aró ìkòkò tutù, a sì ń ri aṣọ bọ inú rẹ̀ léraléra kó tó dúdú dáadáa. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ SS fún, ẹ̀jẹ̀ á há, ìrora egungun á dé. Bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná á mú ẹ̀kọ rọ̀, aró á sì wọ ibi tó yẹ kó funfun.

Ṣé aró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán kò ní ṣí ẹ̀kọ? Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, tí a wọ ti òwú sábẹ́ rẹ̀, ṣé ó ń dí òtútù tó? Àbí kí ẹlòmíràn kúkú máa ri aṣọ náà, kí ẹlẹ́jẹ̀ SS tó ń ya àwòrán máa kọ ẹ̀kọ nìkan? Nígbà ọyẹ́ tí aṣọ ń tètè gbẹ, ṣé ẹ máa ń dá rírì dúró fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS ni?